Láàrin ‘Pa Dé’ àti ‘Pa’: Bí Àkọsílẹ̀ Ìdánwò Ṣe Yẹ Kí Ó Fi Òpin Sí Ètò Tí Ó Ṣí

Bí a bá wí fún ọmọdé pé kí ó pa ilẹ̀kùn dé, yóò dìde, yóò sì tì í jẹ́jẹ́ títí yóò fi bá férémù rẹ̀ mu. Bí a bá ní kí ó pa ìwé dé, yóò kó ojú ìwé pọ̀, ìwé yóò sì wà láìfarapa. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ dé kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, tí a ní kí ó pa ohun kan, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí nìyẹn. Àwọn tí ń kọ́ gírámà mọ̀ pé ọ̀kan ni èyí nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa tí ó máa ń là sí méjì kí ó lè gba àbọ̀ rẹ̀ sí àárín. Ohun tí èmi fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé àwọn tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ní láti mọ ìyàtọ̀ yìí kan náà, àti pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè gbé ìdánwò kalẹ̀ tí yóò máa purọ́ fún un láìmọ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àkọsílẹ̀ ìdánwò jẹ́. Bí ènìyàn bá kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà, kò gbọdọ̀ fi í lé aráyé lọ́wọ́ láìdán an wò. Ènìyàn lè jókòó ti ẹ̀rọ, kí ó máa tẹ èyí, kí ó máa tẹ tọ̀hún, kí ó sì máa wò ó bóyá ohun tí òun retí ni ó jáde. Iṣẹ́ tí ń súni ni. Nígbà tí a bá fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀kẹwàá, ojú ti rẹ̀, ọkàn sì ti kúrò níbẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́, kí kọ̀ǹpútà lè máa dán ètò náà wò fúnra rẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn. Ohun tí a kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo pè ní àkọsílẹ̀ ìdánwò. Kì í sábà lè dá gbogbo iṣẹ́ ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ó máa ń pe ètò mìíràn, tí kì í ṣe apá kan ara rẹ̀, wá ràn án lọ́wọ́: ètò ìkọ̀wé, ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí ń tọ́jú àkójọ orúkọ àti nọ́ńbà. Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní ètò ìta. Pípè wọ́n kò ṣòro rárá. Bí wọn yóò ṣe padà sílé ni wàhálà.

Àpẹẹrẹ tí n ó lò jálẹ̀ ni ti ọwọ́ ara mi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jìyà rẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà ẹ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́ṣin. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí gbogbo àgbáyé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni a ní láti tò ó pọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni a sì lè gbà tò ó: a lè fi àmì ohùn lé ẹ lórí, a lè fi ẹ̀kán sí abẹ́ é, a lè mú e lásán kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀kán, lẹ́yìn náà kí a fún un ní àmì ohùn, a sì lè fi àmì ohùn ṣíwájú ẹ̀kán. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lójú ẹ̀rọ tí a kò bá kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹni tí ó bá sì ń wá ẹlẹ́ṣin nínú ìwé lè má rí i bí ó tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gan-an. Mo kọ ètò kékeré kan tí ń sọ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Mo sì kọ àkọsílẹ̀ ìdánwò fún un ní èdè Python. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí ni láti mú ìwé Yorùbá kan, kí ó fi í gba inú ètò mi kọjá, kí ó pe ètò ìkọ̀wé LibreOffice láti sọ ìwé náà di fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kí ó sì fi ohun tí ó jáde wé ẹ̀dà tí ó tọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ìdánwò náà fi ń sọ fún mi pé àlàáfíà ni. Ẹni tí ó gba ọlọ́dẹ sílé a máa jí lóru nígbà mìíràn, a sì yọ́ fo ògiri ara rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ọlọ́dẹ sùn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan: mo mọ̀ọ́mọ̀ ba ìlà kan jẹ́ nínú ètò mi kí gbogbo àmì ohùn lè já bọ́. Mo tún pe ìdánwò. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan. Ọlọ́dẹ tèmi sùn.

Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò mọ iye ọjọ́ tí ó ti ń sùn. Mo padà lọ wo orí kan nínú ìwé kan tí mo ti fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sí oko ti gbé ọkọ lé èjìká. Ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka gbólóhùn náà fún wọn, ṣùgbọ́n kò pa èmi lẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. LibreOffice kì í fẹ́ kí ẹ̀dà òun méjì máa ṣiṣẹ́ lórí àpò ìtọ́jú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ti wà nílẹ̀, tí a sì tún pe òmíràn, ìpè kejì yóò kàn fi iṣẹ́ náà lé èyí tí ó ti wà nílẹ̀ lọ́wọ́, yóò sì fà sẹ́yìn. Nínú ìdánwò mi, ìwé kan tí fáìlì rẹ̀ bàjẹ́ ti há LibreOffice lọ́fun. Àkọsílẹ̀ mi dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan, ó sú u, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. LibreOffice ṣì wà níbẹ̀, kò kú, kò sì yè. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo iṣẹ́ tí mo bá gbé wá ni a ń fi lé ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti há lọ́wọ́. Fáìlì tuntun kankan kò jáde mọ́. Ṣùgbọ́n fáìlì ti àtẹ̀yìnwá, tí ó ti jáde nígbà tí ohun gbogbo ṣì dára, kò kúrò nínú àpò tí mo kó o sí. Òun ni ìdánwò ń kà lójoojúmọ́, tí ó sì ń yìn ín. Òtítọ́ àná ni ó fi ń jẹ́rìí fún irọ́ òní.

Bí mo ti mọ èyí, ìbínú wọ̀ mí, mo sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe. Mo fi àṣẹ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ pé kí ó wá gbogbo ètò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ soffice.bin, èyí tí í ṣe orúkọ tí LibreOffice ń jẹ́ nínú ẹ̀rọ, kí ó sì pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí a jọ ń lo kọ̀ǹpútà náà ṣí ìwé tí ó ń kọ sílẹ̀, ó lọ sí kíláàsì. Èmi dé, mo jókòó, mo pe ìdánwò. Nígbà tí ó padà dé, ìwé rẹ̀ kò sí lójú ẹ̀rọ mọ́. LibreOffice ní ọ̀nà tí ó fi ń dá iṣẹ́ padà lẹ́yìn jàǹbá, ó sì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì tí ó kọ kẹ́yìn, tí kò tí ì fi pamọ́, kò padà títí di òní. Ó ní kò burú. Ẹ̀yin náà mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ pé kò burú.

Kí a lè rí ọ̀nà àbáyọ, a ní láti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ìlànà tí Linux ń tẹ̀lé ti ọ̀dọ̀ Unix wá, iṣẹ́ tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Nínú ìlànà yìí, gbogbo ètò tí ń ṣiṣẹ́ ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì sí méjì tí ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà ní àkókò kan náà. Orúkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró láàrin ọjà Ìgbọ́ọrà, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn ká ayé, tí ó sì ké pe Táíwò, mélòó ni kò ní bojú wẹ̀yìn? Irú igbe bẹ́ẹ̀ ni mo ké, mo sì ké e pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ìdánwò di nọ́ńbà ètò tí òun fúnra rẹ̀ ṣí mú láti ìgbà tí ó ti ṣí i, kí ó má sì fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà náà ní ìdẹkùn tirẹ̀, nítorí pé bí ètò kan bá kú, a lè fi nọ́ńbà rẹ̀ fún òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí ó bá kọ nọ́ńbà sínú fáìlì lónìí, tí ó sì wá pa ẹni tí ń jẹ́ ẹ lọ́la, lè pa aláìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dá Unix sílẹ̀ ti ro èyí. Wọ́n fún ètò kọ̀ọ̀kan ní òbí, èyíinì ni ètò tí ó pè é sáyé, wọ́n sì pa á láṣẹ pé òbí ni ó gbọdọ̀ gba ìròyìn ikú ọmọ rẹ̀. Kí òbí tó gbà á, ọmọ náà ti kú, kò jẹ, kò mu, kò gba ààyè kankan nínú ìrántí ẹ̀rọ tí ó tó nǹkan. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìkànìyàn, a kò sì gbọdọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òkú tí a kò tí ì sin ni. Nítorí náà òbí tí kò tí ì sin ọmọ rẹ̀ kò lè ṣi ẹni pa. Òbí tí ó bá kọ̀ láti sìnkú ọmọ mọ́, tí ó ń pe ọmọ lẹ́yìn ọmọ sáyé lóru gbogbo, yóò rí i pé ìwé ìkànìyàn lè kún.

Báwo wá ni a ṣe ń sọ fún ètò pé kí ó máa lọ? Nípa àrokò ni. N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá a mu tó èyí. Àwọn baba wa a máa fi ẹyọ owó ránṣẹ́: mẹ́fà dúró fún ẹfà, pé ọkàn mi fà sí ọ; mẹ́jọ dúró fún ẹ̀jọ, pé àwa méjèèjì jọ ara wa. Iye ni ó ń sọ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó gbà á ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Linux ń ṣe. Nọ́ńbà lásán ni a ń fi ránṣẹ́ sí ètò, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀. Àrokò 15 túmọ̀ sí pé: jọ̀wọ́, kó ẹrù rẹ kí o máa lọ. Ètò tí a bá kọ dáadáa yóò gbà á, yóò fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pamọ́, yóò yọ àgádágodo tí ó fi sára fáìlì, yóò sì lọ. Ó tilẹ̀ lè kọ̀, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá fún un láyè láti kọ̀. Àrokò 9 yàtọ̀. Kì í dé ọwọ́ ètò tí a fi ránṣẹ́ sí rárá. Ètò àgbà tí ń darí kọ̀ǹpútà ni ó ń gbà á, òun náà ni ó sì ń mú un ṣẹ: ó gba ààyè tí ètò náà ní nínú ìrántí ẹ̀rọ, ó já gbogbo ohun tí ó dì mú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò láàrin alààyè. Àkọ́kọ́ ni pa dé. Èkejì ni pa.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ wo bí ó ṣe le koko tó. Nígbà tí LibreOffice bá ṣí ìwé kan, ó máa ń fi fáìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .~lock. tí ó sì parí pẹ̀lú #, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Bí ó bá lọ ní ìrọ̀rùn, yóò yọ ọ́. Bí a bá fi àrokò 9 pa á, fáìlì àgádágodo náà yóò wà níbẹ̀ bí bàtà olóògbé lẹ́nu ọ̀nà. Ní ìgbà mìíràn tí ènìyàn bá ṣí ètò náà, ó lè béèrè bóyá kí òun dá iṣẹ́ tí ó sọnù padà. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ni ó pè é ní agogo méjì òru, ta ni yóò dáhùn?

Windows kò ní àrokò bí ti Unix. Níbẹ̀, ọ̀nà pẹ̀lẹ́ ni láti ránṣẹ́ sí fèrèsé ètò náà pé kí ó pa ara rẹ̀ dé, bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ tẹ àmì tí ó wà ní igun òkè. Àṣẹ taskkill ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi /F kún un, ó di ti ipá. N ó kìlọ̀ ohun kan fún àwọn tí ń lo Python níbẹ̀. Ó ní àṣẹ méjì, terminate àti kill. Lórí Linux, ti àkọ́kọ́ ń fi àrokò 15 ránṣẹ́, ti èkejì ń fi 9. Lórí Windows, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, ipá sì ni àwọn méjèèjì. Orúkọ jẹ́jẹ́ ni a fún apànìyàn.

Lẹ́yìn tí a bá ti bẹ ètò pé kí ó máa lọ, a ní láti dúró. Ibí yìí ni sùúrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń tán. Wọ́n á kọ ọ́ pé kí àkọsílẹ̀ sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, lẹ́yìn náà kí ó pa á. Bí ètò náà bá ti lọ láàrin ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, a ti fi àkókò ṣòfò. Bí ó bá sì nílò 6, a ti pa á lójú ọ̀nà ilé. Àṣẹ wait ni ó yẹ. Láti ẹ̀dà 3.3 ti Python, tí ó jáde ní ọdún 2012, a lè fún àṣẹ yìí ní gbèdéke: yóò dúró, bí ètò bá sì ti lọ, yóò jí lójú ẹsẹ̀; bí gbèdéke bá kọjá, yóò pariwo. Òun náà ni ó ń gba ìròyìn ikú, tí òkú kò fi ní wà láìsin. Ní tèmi, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni mo ń fún LibreOffice lẹ́yìn àrokò 15. Ẹlòmíràn lè ní ó pọ̀ jù. Kò tí ì sọ ojú ìwé méjì ẹlòmíràn nù.

Ṣé àrokò 15 ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́? Rárá. Púpọ̀ nínú ètò ìta ni ó ní èdè tirẹ̀ tí a lè fi bá a sọ̀rọ̀, èdè náà sì sàn ju àrokò lọ. Ètò tí ń darí LibreOffice láti òde lè lo àṣẹ terminate rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìbéèrè gidi, nítorí pé apá kan nínú LibreOffice tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dáhùn pé òun kò gbà. Èyí tí ó tilẹ̀ dára jù lọ ni kí a má ní láti lé ẹnikẹ́ni. Àṣẹ tí mo ń lò láti sọ ìwé di ọ̀rọ̀ lásán máa ń parí fúnra rẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti tán. Dídúró ni ó kù fún mi. Bí gbèdéke bá kọjá, 15. Bí gbèdéke kejì bá kọjá, 9.

Mo ti sọ pé LibreOffice tí ọ̀fun rẹ̀ há kò kú lẹ́yìn tí ìṣẹ́jú kan kọjá. Òǹkàwé lè béèrè pé, ṣé Python kì í pa ètò tí gbèdéke rẹ̀ bá kọjá ni? Ó ń pa á, ó sì pa á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ètò tí mo pè, soffice, kì í ṣe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́. Alárinà ni. Òun ni ó ń pe soffice.bin wá, ìyẹn ni ó sì ń ṣe wàhálà gbogbo. Python pa alárinà, òṣìṣẹ́ wà láàyè. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kú báyìí ni Linux ń fi fún olùgbàtọ́, tí ó sábà jẹ́ ètò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, tí ó ti wà láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tan. Olùgbàtọ́ yìí yóò sìnkú rẹ̀ bí ó bá kú, ṣùgbọ́n kò ní lé e jáde. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fún ètò ìta ní agbo ilé tirẹ̀ ní ọjọ́ tí a pè é. Bí a bá fi start_new_session=True sí ìpè náà nínú Python, ètò náà di olórí agbo ilé tuntun, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí ó bá bí yóò sì wà nínú agbo náà, àyàfi èyí tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ kó jáde. Lẹ́yìn náà, àṣẹ os.killpg lè fi àrokò kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo agbo ilé. Àrokò kan tilẹ̀ wà tí í ṣe 0, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. A ń fi ránṣẹ́ kìkì láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì wà nílé. Lórí Windows, /T ni taskkill fi ń kó ọmọ pọ̀ mọ́ òbí.

Ó ku ibi tí ó yẹ kí a kọ àṣẹ ìpadé yìí sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí pé ìparí ni a ń palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdánwò ni láti rí àṣìṣe. Bí ó bá sì rí àṣìṣe ní àárín ọ̀nà, ibẹ̀ ni yóò ti fò jáde, kò ní dé ìsàlẹ̀. A jẹ́ pé ọjọ́ tí ìdánwò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilẹ̀kùn ń wà ní ṣíṣí. Python ní finally fún èyí, ohun tí a bá kọ sábẹ́ rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀nà bá já gaara tàbí kò já gaara. Àwọn tí ń lo unittest mọ tearDown, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé bí setUp bá kùnà ní ìdajì, a kì í pe tearDown rárá. Ètò tí setUp ti ṣí kí ó tó kùnà yóò wà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà addCleanup ni mo fẹ́ràn. Bí a bá ti ṣí ètò kan tán, ní ìlà tí ó tẹ̀lé e gan-an ni a ó ti sọ bí a ó ṣe pa á dé, yálà setUp yege tàbí kò yege.

Síbẹ̀, kò sí èyí tí ó lè gbà wá bí a bá fi àrokò 9 pa àkọsílẹ̀ ìdánwò fúnra rẹ̀, tàbí bí iná bá lọ lójijì, ohun tí n kò ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni tí ń gbé Nàìjíríà. Kódà àrokò 15 lásán ń pa ètò Python láìjẹ́ pé finally ṣiṣẹ́, àyàfi bí a bá kọ́ ọ bí yóò ṣe gbà á. Nítorí èyí ni ìdánwò mi fi ń dá àpò tuntun sílẹ̀ nígbàkúùgbà fún ohun tí yóò jáde, tí ó sì ń fún LibreOffice ní àpò ìtọ́jú tirẹ̀ nípa -env:UserInstallation. Bí fáìlì tuntun kò bá jáde, kò sí ti àná tí yóò kà. Bí alábàáṣiṣẹ́ mi bá sì ń kọ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, LibreOffice tirẹ̀ àti tèmi kò mọ ara wọn.

Ohun tí mo sọ nípa LibreOffice kan àwọn mìíràn náà. Selenium, tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dán ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì wò. Ó ní close, ó ní quit. Èyí àkọ́kọ́ ń pa fèrèsé kan ṣoṣo dé; èyí èkejì ni ó ń fi òpin sí ìjókòó náà pẹ̀lú ètò awakọ̀ tí ń darí rẹ̀. Mo ti rí ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ aláìlọ́kọ̀ kún inú rẹ̀ nítorí pé ẹnìkan kò mọ ìyàtọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí èmi àti àwọn kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí ètò ìta bá kọ̀ láti lọ, tí ó di dandan kí a fi àrokò 9 lé e, ṣé kí ìdánwò ṣì sọ pé ó yege? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí ó jáde bá tọ́. Èmi sọ pé rárá. Ètò tí kò lè parí fúnra rẹ̀ ní àìsàn kan, ó sì ṣeé ṣe kí ohun tí a fún un jẹ ni ó fa àìsàn náà. Bí a bá pa á ní ìdákẹ́jẹ́, tí a nu ẹ̀jẹ̀, tí a sì kọ ọ́ pé àlàáfíà ni, a ti bo ohun tí a wá wò gan-an mọ́lẹ̀. Python kì í bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bí àrokò bá pa ọmọ rẹ̀, nọ́ńbà àrokò náà pẹ̀lú àmì ìyọkúrò ni ó ń kọ sínú ìròyìn ikú, −15 tàbí −9. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ìdánwò kí ó kà á.

Ìdánwò tèmi ń kọ ìgbésẹ̀ tí ó dé sílẹ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ àná, gbogbo ìwé tí ó gbé yẹ̀ wò ni ó parí fúnra wọn, àyàfi ẹyọ kan tí ó dé orí àrokò 9. Ìwé náà kún fún àtẹ tí ó wà nínú àtẹ. Mo ti yà á sọ́tọ̀, mo ń gé e ní ìdajì-ìdajì láti mọ ibi tí ó ti ń há ọ̀fun.